Bí "Ọkọ Mi" Ṣe Di "Ọkọ̀ Mi" Nínú Sítúdíò Wa ní Ìkòtún

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé, tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo gan-an ni kí ẹ kọ́, ẹ jókòó ti èmi Kásíìmù díẹ̀. Mo ti fẹ̀yìntì. Ẹ má wo orí mi bóyá ẹ máa rí ewú, kò tíì sí níbẹ̀. Etí mi ló kọ́kọ́ darúgbó. Etí yìí ni mo fi ṣiṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ní Ìkòtún láti ìgbà tí mo ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, títí di ìgbà tí etí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "shííí" fúnra ẹ̀, láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní ẹ ò lè rí i, dókítà, ariwo kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi ọjọ́ gbọọrọ wá irú ariwo yẹn sórí kọ̀ǹpútà wọn. Tèmi kàn wọlé ni, kò tiẹ̀ béèrè páṣíwọ́ọ̀dù.

Kí ẹ má baà rò pé ọlọ́gbọ́n kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èsì ìdánwò mi. Àbúrò bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn ìwé náà bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kọ èyí tó dáa sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ní, "Kásíìmù, ṣé o máa ń gbọ́ ohun tí àwọn tíṣà ń sọ rárá?"

Mo ní, "Mo máa ń gbọ́ dáadáa, sà."

"Tóò. Bó bá jẹ́ pé gbígbọ́ nìkan lo mọ̀, mo mọ ibi tí màá mú ẹ lọ."

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Rájí nìyẹn. Ọmọ Ìbàdàn ni. Kó tó dá sítúdíò sílẹ̀, iṣẹ́ kíkó orin sínú kásẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe, ọ̀tá kan ṣoṣo ló sì ní láyé: ariwo "shííí" tó máa ń wà lábẹ́ orin. Ó fi òwú nu orí ẹ̀rọ, ó ra kásẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó gbàdúrà sí i, ariwo ò lọ. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà wá dé, tí ariwo náà pòórá, ọ̀gá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe sàráà. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ni sítúdíò wa, fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì ló lẹ̀ mọ́ ògiri yíká, ohun tó sì kọ sára pátákó iwájú ilé ni OHÙN TÓ MỌ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n jókòó, kí n dijú.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Ṣé o ti kú ni? Tún gbọ́."

"Mo gbọ́ fáànù."

"Fáànù ta ni? Tiwa àbí ti aládùúgbò?"

"Aládùúgbò náà ní fáànù?"

Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Jáde. Jókòó síta títí wàá fi gbọ́ ọ."

Mo jókòó síta ṣá. Ohun tí mo gbọ́ ni adìyẹ ìyá onílé, torí pé ìdí ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ti ń ṣa nǹkan jẹ. Ni ọ̀gá bá sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, nígbàkígbà tí a bá ń gba ohùn èèyàn, kí n máa lé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé iṣẹ́ sítúdíò ni ká wọ gíláàsì dúdú ká yí fìlà sẹ́yìn, adìyẹ lílé ni iṣẹ́ tí èmi kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Ó débi pé bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á dìde fúnra wọn, wọ́n á máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀gá mi le, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ó yọ báttìrì kúrò nínú aago ara ògiri torí pé aago ń sọ̀rọ̀, kò wá sẹ́ni tó mọ ohun tí aago wí nínú sítúdíò wa mọ́. Ẹni tó bá wọ ẹ̀gbà ọwọ́, á bọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́, á yọ ọ́ lápò. Ìgbà kan ó dá alàgbà kan padà sílé torí pé wọ́n fi sítáàṣì sí agbádá rẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́, sà," ó ní, "kì í ṣe agbádá yín." Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni etí mi ṣí. Nígbà tó yá, ó ní kí n tún dijú.

"Kí lo gbọ́?"

"Ẹnì kan ń ro oúnjẹ lójúlé kejì, sà. Ẹ̀bà ni."

"Lọ wò ó."

Mo lọ wò ó. Sẹ̀mó ni. Ọ̀gá mi ní, "O ti ń gbìyànjú." Ìyìn tó pọ̀ jù tó tẹnu ọkùnrin yẹn jáde sí mi nìyẹn, mo sì gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

Ó wá ku bí mo ṣe kó sọ́wọ́ lófáì. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Òkè-Odò tí wọ́n ń pè ní Skípò, òun máa ń to ìlù sórí kọ̀ǹpútà. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó fi orin kan sí mi létí. Orin tuntun ni, àmọ́ ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí àwo tó ti ha, "shííí" sì wà lábẹ́ ẹ̀ gbáà.

Mo ní, "Spíkà ẹ ti bàjẹ́."

"Bàjẹ́ kẹ̀? Àrà ni jàre. Lófáì ni wọ́n ń pè é. Plọ́gíìnì ni wọ́n fi ṣe é."

Plọ́gíìnì, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: ẹ̀rọ kékeré tí kò ṣeé fọwọ́ mú ni, inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Ẹ fi sórí ohùn, á sọ ohùn tuntun di ti àtijọ́. Ọjọ́ yẹn, nínú yàrá Skípò, mo rántí rédíò bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ pé ìdajì ohun tó ń sọ ni a máa ń gbọ́, tí a sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sáré lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ó wò mí bí ẹni tí mo fi adìyẹ tútù lọ̀.

"Kásíìmù, ìdajì ayé mi ni mo fi lé ariwo yìí jáde nílé. Ìwọ wá fẹ́ lọ kí i káàbọ̀?"

Ó kọ̀, ó kọ̀, àmọ́ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, ló bá ní kí n lọ wá a, kí n má ṣáà fi ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́.

Ẹ gbà mí. Ẹ wò ó, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ní sùúrù, ẹ má gbààwẹ̀, ẹ lọ fi plọ́gíìnì sórí kọ̀ǹpútà. Kaféè íńtánẹ́ẹ̀tì kan wà ní Ẹgbẹ́dá, ibẹ̀ ni mo ti ń fà á wálẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí, iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò rí mi rí. Nígbà tó wálẹ̀ tán, ó ní òun fẹ́ páṣíwọ́ọ̀dù. Níbo ni páṣíwọ́ọ̀dù wà? Ó ní kí n tẹ ibì kan. Mo tẹ̀ ẹ́, obìnrin òyìnbó kan ló jáde, ó ní òun wà nítòsí mi, òun sì fẹ́ mọ̀ mí. Ní Ẹgbẹ́dá! Mo bojú wẹ̀yìn ná. Òmíràn tí mo fi fláàṣì gbé délé, fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo fódà ọ̀gá mi di àwòrán lásán, tí a bá tẹ̀ ẹ́ kò ní ṣí. Ọ̀gá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí Skípò fi wá bá wa wò ó.

Èyí tó wá dun mí jù ni èyí tó fi ẹ̀rín kí mi pé òun ti wọlé dáadáa, tí mo wá ṣí ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn, tí mi ò rí i níbẹ̀. Mo wá a bí ẹni wá ewúrẹ́. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Skípò ló wá sọ fún mi pé ti kọ̀ǹpútà tuntun ni mo gbé wá, tiwa sì ti gbó.

"Ṣòkòtò bàbá lo rà fún ọmọ ọwọ́," ó ní. "Báwo ló ṣe fẹ́ wọ̀ ọ́?"

A wá èyí tó bá tiwa mu. Fódà tó yẹ kó bọ́ sí, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Gbogbo fódà ni mo jù ú sí, ọ̀kan nínú wọn gbà á. Ó ní ìgbà díẹ̀ ni òun fún wa láti fi tọ́ òun wò, lẹ́yìn ìyẹn òun ò ní dáhùn mọ́. Mo ní kò burú, ṣáà kọrin ná.

Oníbàárà tí a kọ́kọ́ fi ṣe ni Sístà Ẹ̀bùn, onídìrí kan ní Ìgandò. Ọkọ ẹ̀, Brọ̀dá Kúnlé, ló gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn tí ọ̀kadà gbé e ṣubú, tí ẹsẹ̀ méjèèjì kán. Ó pẹ́ lọ́sibítù gan-an. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀, ìyá ẹ̀ àtàwọn ẹbí ń sọ kiri pé ìyàwó kò dúró torí Kúnlé, pé ọkọ̀ akẹ́rù tó fi sílẹ̀ nílé ló tẹjú mọ́. Ìyá náà gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ.

Sístà Ẹ̀bùn jókòó sórí àga wa, ó ń wo ilẹ̀. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Kúnlé máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a fẹ́ dúpẹ́. Màmá náà á wà níbẹ̀. Ọ̀gá Rájí, mi ò lè máa bá ìyá ọkọ mi jiyàn. Mo kúkú lè kọrin."

Ọ̀gá mi ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kàn kọ ọ́ níbẹ̀, ìyàwó wa?"

"Ẹkún ò ní jẹ́ kí n parí ẹ̀, sà. Ẹ gbà á sílẹ̀ fún mi. Kó dún bí àwọn àwo àtijọ́ tí Kúnlé fẹ́ràn."

A gba ohùn ẹ̀. Ègbè orin náà lọ báyìí: "Ọkọ mi dé, ẹ bá mi yọ̀, ohun tí mo ń retí ti tẹ̀ mí lọ́wọ́." Mo wá fi plọ́gíìnì sí ègbè. Bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀ tó máa ń mi ohùn bí ìgbà tí báttìrì rédíò bá ń kú lọ: ohùn á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, á tún gòkè. Mo jẹ́ kó máa bá ìlù rìn, kó lè dùn. Ìyẹn ni pé ibì kan náà ló ń rọ̀ sí ní gbogbo ìgbà. Ó dùn lóòótọ́. Ọ̀gá mi fúnra ẹ̀ mi orí.

Mi ò rò pé àwọn tó ṣe plọ́gíìnì yẹn ń sọ Yorùbá. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ohùn bá wálẹ̀ díẹ̀, ó wálẹ̀ náà ni, kò sí wàhálà. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Èmi àti ọ̀gá mi tí à ń gbọ́ sẹ̀mó lójúlé kejì, a ò gbọ́ èyí tó wà níwájú wa. A ti gbọ́ orin náà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tí a mọ̀ pé obìnrin náà kọ ni à ń gbọ́, kì í ṣe ohun tí spíkà ń sọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi àti ọ̀gá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Ìgandò láti lọ fi orin náà sí i fún wọn, Mùsùlùmí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà. Brọ̀dá Kúnlé fi ọ̀pá rìn wọlé, gbogbo èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá ẹ̀ wà ní ìlà iwájú, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Mo tẹ orin. Ẹsẹ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ègbè wá dé.

"Ọkọ̀ mi dé, ẹ bá mi yọ̀, ohun tí mo ń retí ti tẹ̀ mí lọ́wọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó tún un kọ: ọkọ̀ mi dé. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, níwájú àwọn tí kò gbọ́ ọ rí, kò sí ohun mìíràn téèyàn lè gbọ́. Ìyá Kúnlé dìde.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́! Èmi kọ́ o!"

Kúnlé ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ìwọ ni kóo jókòó, ẹsẹ̀ ẹ ò tíì san tán. Ṣé o gbọ́ ohun tó ń retí? Ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́!"

Mo ti pa orin náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ọ̀gá mi bọ́ síwájú, ó ṣí fìlà, ó ní ẹ dákun, ẹ̀rọ ló ṣe é. Ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀.

"Alájì, ẹ̀rọ wo ló ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu èèyàn?"

Ó kó àwọn èèyàn ẹ̀, wọ́n bá ẹnu ọ̀nà lọ. Sístà Ẹ̀bùn ò sunkún. Ó kàn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà, ó rọra bi mí pé, "Kásíìmù, kí lẹ fi sí ohùn mi?"

Mo ti lo ẹ̀rọ lóríṣiríṣi lẹ́yìn ìgbà yẹn o. A pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, plọ́gíìnì wá ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kaféè Ẹgbẹ́dá di ibi tí wọ́n ń ta ìpara. Mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo dá tèmi sílẹ̀ lẹ́bàá Ìyànà Ìpájà, níbi tí kò sí adìyẹ ṣùgbọ́n tí àwọn kọ̀ńdọ́ dánfó ń pe èrò wọ inú máìkì mi. Irú fóònù tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá dé, ọmọ kékeré ń gba orin sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí i pé ó ti tó, etí mi náà rí i. Orin Sístà Ẹ̀bùn, mi ò mọ ẹni tó kó o jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kàn ń gbọ́ ọ kiri níbi tí wọ́n bá ti ń fọ ọkọ̀ tuntun. Tí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, màá ní kí ẹ kọ́ ọ. Àmọ́ kì í ṣe torí orin tó lókìkí. Torí ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé Sọ́ńdè yẹn ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti ọ̀gá mi ti lọ bẹ Ìyá Kúnlé nílé ẹ̀. Kò fún wa lómi. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀rọ lóòótọ́, òun á wá fi etí ara òun gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó dé. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Mo ṣí iṣẹ́ náà. Kò ṣí. Plọ́gíìnì ní ìgbà tí òun fún wa ti pé. Mo yọ ọ́, kọ̀ǹpútà daṣẹ́ sílẹ̀. Mo tàn án padà, mo tún un fi sí i, ó ní òun mọ̀ mí, kí n má tan òun. Òógùn ń ṣàn lójú mi bí ẹni tó ń gún iyán.

Màmá ní, "Ẹ ń wá bí ẹ ṣe máa tún un kọ ni, àbí?"

"Rárá, mà. Ó máa ṣí nísinsìnyí, mà."

"Ẹ̀rọ tó ní agbára tó bẹ́ẹ̀, tó ń yí ọ̀rọ̀ èèyàn padà, òun náà ni kò lè ṣí?" Ó ti ń dìde.

Ọ̀gá mi ní, "Kásíìmù, kúrò lórí àga." Ó jókòó. Kò tiẹ̀ wo ibi tí mò ń jà sí. Ó wọ inú fódà tí a máa ń kó ohùn tútù sí, ìyẹn ohùn bó ṣe ti ẹnu jáde, kí a tó gé e, kí a tó fi nǹkan kan sí i. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, kò fẹ́ plọ́gíìnì kankan, èmi kàn ń pa ara mi ni. Ọ̀gá rọra fi hẹ́dífóònù sí Màmá létí lórí gèlè, ó sì tan spíkà díẹ̀ kí àwa náà lè gbọ́.

Ohùn Sístà Ẹ̀bùn nìkan ni, kò sí ìlù. Ọkọ mi dé, ẹ bá mi yọ̀. Ó mọ́ kedere. Ègbè parí. Ó wá dé ibi tí a gé kúrò nínú orin, torí a rò pé kò wúlò: a gbọ́ tí obìnrin náà fa imú, a gbọ́ àga tó dún, lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn kékeré tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Ọlọ́run, o ṣé. O ò jẹ́ kí Màmá sunkún ọmọ."

Ìyá Kúnlé gbé ọwọ́ lé hẹ́dífóònù bí ẹni tí nǹkan fẹ́ já bọ́ lórí ẹ̀.

"Ẹ tún un fi sí i," ó ní.

Ọ̀gá tún un fi sí i. Nígbà tó parí, Màmá bọ́ ọ, ó gbé e lé tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́. Ó wo ọ̀gá mi, ó wo èmi.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n bú ọmọ mi níwájú ìjọ."

Ó yọ fóònù nínú báàgì, ó nà án sí mi, ó ní ojú òun ò ríran dáadáa, kí n bá òun wá nọ́ńbà Ẹ̀bùn. Mo wá a, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e fún un. Ó gbé e sétí.

"Ẹ̀bùn? Èmi ni. Mo wà ní Ìkòtún lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ." Ó tẹ́tí. "Rárá, kò sí nǹkan kan. Ṣé o ti jẹun?"